Ìwé Eré Faransé Àtijọ́ Tó Wà Nínú Àpótí Wa



Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Agoua, ní Bantè àti ní Savalou, àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lókè àjà tí a kì í sábà ṣí. Àpótí ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú ìdílé ni. Ìwé ẹ̀rí CEP wà nínú rẹ̀, àwòrán àtijọ́ kan wà níbẹ̀, lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ láti Porto-Novo tàbí láti Dakar wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, bí ikán kò bá tíì débẹ̀, a lè bá ìwé pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta tí èèpo ẹ̀yìn wọn ti ń ya: Le Cid ti Corneille, L'Avare ti Molière, Andromaque ti Racine. Ìwé eré oníṣe ni wọ́n, èyí tí àwọn bàbá wa kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n kọ́ sórí, tí àwọn mìíràn sì ṣe lórí ìtàgé lọ́jọ́ tí ọdún ẹ̀kọ́ parí.

Ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàǹtírí ni ìwé wọ̀nyí. Nígbà tí àgbà tó ni àpótí bá papò dà, tí a sì ṣe ìsìnkú rẹ̀ tán, àwọn ọmọ a pín aṣọ, wọn a pín oko kajú, wọn a sì kó ìwé fún alákàrà kí ó máa fi pọ́n ọn. Èyí tí alákàrà kò bá gbà, òjò àti ikán a parí rẹ̀. A kò sọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí ẹni tí kò mọ iye ohun kan kò lè ṣọ́ ọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àwọn ìwé náà níye lórí, pé ọ̀dọ́ tí kò ní owó lọ́wọ́ lè máa kó wọn jọ, àti pé ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú eré Molière yóò mọ bí a ṣe ń tọ́jú eré tiwa náà.

Ìwé títẹ̀ ló gba Molière là

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Molière fúnra rẹ̀. Jean-Baptiste Poquelin ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún 1622 ni a bí i ní Paris. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún 1673, lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣe eré Le Malade imaginaire lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn eré tó kọ lé ní ọgbọ̀n. Síbẹ̀, bí a bá wá gbogbo ilé ìkàwé ayé kiri lónìí, a kò ní rí ojú ewé kan ṣoṣo nínú àwọn eré náà tí Molière fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Gbogbo wọn ti ṣègbé. Ọ̀rọ̀ Harpagon ahun, ọ̀rọ̀ Tartuffe alágàbàgebè, ọ̀rọ̀ Monsieur Jourdain tó fẹ́ di ọlọ́lá ní tipátipá, ìwé títẹ̀ nìkan ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ká ní àwọn tó ra ìwé náà nígbà náà ti fi dáná ni, àwa kì bá tí gbọ́ wọn láéláé.

Títẹ ìwé kò sì rọrùn láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba, àṣẹ náà ni wọ́n ń pè ní privilège du roi. A máa ń tẹ àṣẹ yìí sínú ìwé gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé parí. Nígbà tí Molière ṣe Les Précieuses ridicules ní ọdún 1659, tí gbogbo Paris ń rẹ́rìn-ín, òǹtàwé kan tí ń jẹ́ Jean Ribou fi ọgbọ́n àrékérekè gba àṣẹ láti tẹ eré náà láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí Molière yára gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1660. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kó ìwé àtijọ́ jọ fi máa ń kọ́kọ́ wo àṣẹ ọba, kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ìwé tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí yàtọ̀ sí èyí tí olè tẹ̀.

Ìtàn Dom Juan tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kejì ọdún 1665 ni Molière kọ́kọ́ ṣe eré yìí. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ṣe é, ó sì dákẹ́. Inú àwọn olùfọkànsìn kò dùn sí i, Molière kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí ó fi kú. Ní ọdún 1682, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìdìpọ̀ mẹ́jọ. Wọ́n tẹ Dom Juan mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìjọba pàṣẹ pé kí a yọ àwọn ojú ewé kan kúrò, kí a fi òmíràn tí a ti tún ṣe rọ́pò wọn. Ìran tí Dom Juan ti fẹ́ fi wúrà mú alágbe kan búra wà lára àwọn tó jìyà náà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1683, wọ́n tẹ eré náà ní Amsterdam, níbi tí ọwọ́ ọba Faransé kò tó, ìran alágbe náà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà díẹ̀ nínú èyí tí a tẹ̀ ní Paris bọ́ lọ́wọ́ gígé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti La Reynie, ọ̀gá ọlọ́pàá Paris. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé a gé ìwé náà ló fi odindi pamọ́ sílé ara rẹ̀!

Lẹ́yìn èyí, ó lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn òṣèré ilẹ̀ Faransé fi ń ṣe Dom Juan tí Thomas Corneille, àbúrò Pierre Corneille, sọ di ewì tó rọ̀ lọ́rùn. Bí a ṣe padà rí ọ̀rọ̀ Molière gan-an, àwọn tó tọ́jú ìwé àtijọ́ ni a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ náà lè yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí Le Cid kọ́kọ́ jáde ní 1637, tragi-comédie ni Corneille pè é. Ní 1648, ó sọ ọ́ di tragédie. Ní 1660, ó tún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Nínú ìwé 1637, bàbá Chimène àti Elvire ni eré náà fi bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tí Corneille tún ṣe, Chimène fúnra rẹ̀ ló ń bá Elvire sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè máa jiyàn lórí ìran kìíní, kí àwọn méjèèjì sì jàre, bí ìwé wọn kò bá ti inú ìtẹ̀jáde kan náà wá. Olùkọ́ tó bá mọ èyí kò ní yára fi ìkọ̀wé pupa fa ìlà sórí iṣẹ́ ọmọ.

Èyí tí ọwọ́ wa lè tó

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ìwé 1637 àti ìwé 1682 kò sí ní àrọ́wọ́tó wa. Ilé ìkàwé ńlá bíi Bibliothèque nationale de France ní Paris ló ní wọn, tàbí àwọn olówó tí ń rà wọ́n níbi gbàǹjo. Bẹ́ẹ̀ náà ni Molière ọdún 1734, ìdìpọ̀ mẹ́fà tí àwọn àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ François Boucher. Owó oṣù olùkọ́ kò lè rà wọ́n.

Ṣùgbọ́n irú ìwé mìíràn wà. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni: Classiques Larousse, ti Hachette, ti Hatier, ti Bordas. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ ṣì ń rántí èèpo aláwọ̀ àlùkò tí Larousse fi bo tirẹ̀. Ní Paris, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó pọ̀ lọ jàra. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìwé tó la ẹ̀ẹ̀rùn ọgọ́ta ọdún kọjá, tó la òjò àti ikán, tó la ọmọ kékeré tí ń wá ohun tí yóò fà ya, ìwé náà ti di ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti ní ìtàn tí ẹ̀dà Paris kò ní.

Kí ni ìtàn náà? Àkọ́kọ́, ó ń fi hàn wá ohun tí àwọn tó ń ṣe àkóso fẹ́ kí àwọn bàbá wa mọ̀. Ẹ wo ojú ewé àkọ́kọ́: bí a bá kọ extraits síbẹ̀, a jẹ́ pé eré náà kò pé. Ìran wo ni wọ́n fò? Kí ló dé tí wọ́n fò ó? Ẹ wo àwọn àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé àti ìbéèrè tí wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Normandie ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ Bantè. Síbẹ̀ ọmọ Bantè dáhùn.

Èkejì ni ìdáhùn rẹ̀. L'Avare kan wà lọ́wọ́ wa tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi lẹ́ẹ̀dì kọ nǹkan sí etí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n pín ipa láàárín ara wọn: ẹnìkan ni Harpagon, ẹnìkan ni La Flèche, ọmọkùnrin ló sì ṣe Mariane, bóyá nítorí pé kò sí ọmọbìnrin nínú kíláàsì náà. Níbi tí Harpagon ti ń pariwo pé wọ́n jí àpótí owó òun, ẹnìkan kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ ní èdè wa, kì í ṣe ní Faransé: «ahun». Ọ̀rọ̀ kan péré! Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn a rí ọmọ kan tó rékọjá odò èdè, tó sì bá aládùúgbò rẹ̀ pàdé lódì kejì. Kò sí ilé ìkàwé kan ní Paris tó ní èyí.

Nígbà tí àwọn ọmọ Dahomey gun ìtàgé

Kì í ṣe kíkà nìkan ni àwọn ará ilẹ̀ wa mọ. Ní ọdún 1933, ní École William Ponty tó wà ní erékùṣù Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Dahomey lọ kó eré kan jọ, wọ́n sì ṣe é. La dernière entrevue de Béhanzin et de Bayol ni wọ́n pè é. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àti dókítà fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso. Corneille ti kọ́ wọn bí ọba ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Wọ́n gba ọgbọ́n náà, wọ́n sì fi ọba Abomey sí ipò tí Corneille fi ọba Sípéènì sí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1937, nígbà ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ponty ṣe eré ní Théâtre des Champs-Élysées. Àwọn ọmọ Dahomey ṣe Sokamé, ìtàn ọmọbìnrin tí a fẹ́ fi rúbọ kí òjò lè rọ̀. Ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́ àti àwọn ìwé àtìgbàdégbà mìíràn ló tẹ àwọn eré Ponty jáde, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ wọn lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: «àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dahomey» ni a kọ sí ibi tí orúkọ òǹkọ̀wé yẹ kó wà. Ìwé a máa pa ọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá kọ sínú rẹ̀, kò lè bá wa pa á mọ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn Gorée, ní 1966, Jean Pliya gbé Kondo le requin jáde. Djougou ni a bí Pliya sí, ìlú tí ọ̀nà Savalou àti Bantè já sí. Kondo ni orúkọ Béhanzin kí ó tó jọba. Eré yìí gba Grand prix littéraire d'Afrique noire ní 1967, àwọn Éditions CLE ní Yaoundé sì tún un tẹ̀ ní 1981. Ìwé CLE ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ta ni ó ní ti 1966 lọ́wọ́? Bí ó bá wà nínú àpótí kan ní Agoua tàbí ní Savalou, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún alákàrà. Ó ti di àtijọ́, ó sì jẹ́ tiwa.

Bí a bá wo ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ kan náà ló wà níbẹ̀. Hubert Ogunde fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé eré rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré náà ni a kò tẹ̀ rí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní tirẹ̀ di ìwé ní 1970, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń kà á títí di òní. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan tilẹ̀ lọ kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó mú eré apanilẹ́rìn-ín Georges Feydeau, ó sì yí i padà sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú Nàìjíríà nínú Midnight Hotel. Ẹni tó ka ìwé àwọn ẹlòmíràn dáadáa kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ máa kó ìwé eré jọ kò nílò owó púpọ̀. Sùúrù, ìwé ìkọ̀wé kan àti lẹ́ẹ̀dì ni ó nílò. Kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà nínú ìdílé rẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì bèèrè ohun tí wọ́n kà. Àgbà tí a bá bi ní irú ìbéèrè yìí a máa ṣí àpótí fúnra rẹ̀. Kí ó tún wo ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tà ní Cotonou, ní Bohicon àti ní Savalou. Ìwé tó bá ní òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ìjọ kan lára, kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí ó tó mú un. Ẹni tó jí ìwé kó kò yàtọ̀ sí Ribou tí a dárúkọ lókè.

Bí ìwé bá ti dé ọwọ́, kí ó kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀: àkọlé àti òǹkọ̀wé, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti ìlú, ọdún ìtẹ̀wé, bóyá ó pé tàbí extraits ni, àti ọwọ́ ẹni tí ó ti wá. Ọdún ìtẹ̀wé lè wà ní iwájú, ó sì lè fara pamọ́ sí ojú ewé ìkẹyìn lábẹ́ ọ̀rọ̀ achevé d'imprimer tàbí dépôt légal. Kí ó má ṣe nu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ sí etí ìwé. Ohun tí òun náà bá fẹ́ kọ, kí ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé tirẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ilẹ̀ ni ikán ti ń wá, nítorí náà kí ìwé má ṣe sùn sílẹ̀, kí pẹpẹ rẹ̀ má sì fara kan ògiri. Kí a má fi téèpù lẹ ojú ewé tó ya, torí pé téèpù a máa pọ́n, a sì máa ba ìwé jẹ́. Ní ìgbà ọyẹ́, kí a ṣí àwọn ìwé lábẹ́ òjìji kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn, kí a sì nu eruku kúrò pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Kí a má sá wọn sóòrùn.

Ẹni tó ní fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì sì ní ọ̀rẹ́ ńlá kan. Láti ọdún 1997 ni Bibliothèque nationale de France ti ń fi àwòrán àwọn ìwé àtijọ́ rẹ̀ sórí Gallica, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà wọn. Ọmọ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní Agoua lè ṣí ìtẹ̀jáde àtijọ́ ti Le Cid, kí ó sì fi wé ìwé pẹlẹbẹ tí bàbá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè àwọn tí ń bá wa jiyàn

Àwọn kan máa ń bi wá pé: «Kí ló kàn wá nínú ìwé àwọn tó kó wa lẹ́rú? Èdè tiwa ń kú lọ, ẹ̀yin ń tọ́jú Racine?» Ìbéèrè gidi ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rín gbà á. Ìdáhùn wa ni pé àwọn ìwé wọ̀nyí ti di apá kan ìtàn wa, bí a fẹ́ bí a kọ̀, torí pé àwọn bàbá wa fi wọ́n sunkún, wọ́n fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi wọ́n di ẹni tí wọ́n dà. Ẹni tó bá da ìwé náà nù ń da apá kan nínú ayé bàbá rẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n a gbà pé ìdáhùn yìí kò tó. Lọ́dọọdún, ní òpin ọdún ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń ṣe eré ní èdè Itcha, ní èdè Ifè àti ní Yorùbá. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé, wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, àwọn òbí a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ìsinmi bá parí, ìwé náà ti sọnù. Bí ọwọ́ tí Molière fi kọ eré ṣe ṣègbé náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó tọ́jú rẹ̀, tiwa kò ní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ méjì la bẹ̀ yín sí ní ìsinmi yìí. Ẹ wá ìwé eré Faransé kan nínú àpótí ilé yín, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún wọ̀nyẹn nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé ìkọ̀wé tí ẹ kọ eré tiyín sí lọ́dún yìí. Ẹ dà á kọ dáadáa, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe é síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ìlú, kí ẹ sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ L'Avare lórí pẹpẹ kan náà. Kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà rí «àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agoua» nìkan kà, níbi tí orúkọ yín yẹ kó wà.